ALÁBÒÓJÚTÓ ÀTI ÀWỌN TÍ Ń GBA ÀLEJÒ NÍ ẸNU Ọ̀NÀ

Ẹ̀kọ́ fún àwọn olórí ẹgbẹ́, àwọn ìyá ìjọ, àti gbogbo ẹni tí a fi ènìyàn sí lábẹ́ rẹ̀

Bíbélì Kíkà: 1 Sámúẹ́lì 2:12-25, 2 Àwọn Ọba 4:25-37 àti 5:15-27, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-7, Ẹ́kísódù 18:13-26. Kí olúkúlùkù ṣí Bíbélì rẹ̀, kí a kà á dáadáa kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

ÌFÁÁRÀ

Ẹ̀kọ́ wa yìí wà fún gbogbo ẹni tí a fi ṣe olórí lórí àwọn tí ń gba àlejò, àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn, àwọn tí ń pín oúnjẹ fún opó, àti àwọn tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí wàhálà lé wá bá wa. Bí ó jẹ́ nínú ìjọ ni iṣẹ́ rẹ wà, tàbí ní ilé ìgbẹ̀bí, tàbí ní ibi iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀kọ́ náà bá ọ wí.

A mọ bí ó ti máa ń rí. Obìnrin kan gbéra láti Kétu, ó wọ ọkọ̀ títí ó fi dé Àjàṣẹ́, ara ọmọ gbóná lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ta nǹkan kí ó tó rí owó ọkọ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe olùṣọ́ ìjọ ni yóò kọ́kọ́ rí, kì í ṣe wòlíì pẹ̀lú. Ọmọkùnrin tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ rí, tàbí arábìnrin tí ń kọ orúkọ sílẹ̀. Bí ẹni yẹn bá kí i, tí ó fún un ní àga àti omi, ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jágbe mọ́ ọn pé, "Kí lẹ wá ṣe ní irú àsìkò yìí? Ẹ padà wá lọ́la!", obìnrin náà á padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè má wá mọ́ láéláé. Kò sì ní sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé ọmọkùnrin kan ni ó lé òun. Yóò sọ pé ìjọ yẹn lé òun. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀nà tí alábòójútó gbà ń bá àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lò ni àwọn náà yóò gbà máa bá ẹni tí ó wá lò. Bí o bá ń jágbe mọ́ wọn, wọn yóò máa jágbe mọ́ àlejò. Bí o kò bá bojú wò wọ́n, olúkúlùkù yóò máa ṣe bí ó ti wù ú. Ẹjọ́ rẹ̀ kò sì ní bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

I. ÉLÌ GBỌ́, ṢÙGBỌ́N KÒ DÁ WỌN LẸ́KUN

Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Ṣílò. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn mú ẹbọ wá fún Ọlọ́run. Bí ẹran bá wà lórí iná, ìránṣẹ́ àlùfáà á dé pẹ̀lú àmúga eléyín mẹ́ta, á tì í bọ inú ìkòkò, ohunkóhun tí ó bá gbé jáde, ti àlùfáà ni. Kò tó wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ń béèrè ẹran tútù kí a tó sun ọ̀rá rẹ̀. Bí ẹni tí ó ni ẹbọ bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ sun ọ̀rá, wọn á ní kí ó mú un wá nísinsìnyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò fi agbára gbà á.

Ẹ kíyèsí ẹsẹ ìkẹtàdínlógún dáadáa. Ohun tí ìwà yìí bí ni pé àwọn ènìyàn kórìíra ẹbọ Olúwa. Kì í ṣe Hófínì àti Fíníhásì nìkan ni wọ́n kórìíra o, ẹbọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n kórìíra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí títí di òní. Ìwà òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè mú kí ènìyàn kórìíra ilé ìwòsàn, kí ó kórìíra ilé ẹ̀kọ́, kí ó kórìíra ilé Ọlọ́run.

Élì kì í ṣe olè. Kò sí ibi tí a ti kà pé òun ni ó rán wọn. Kí wá ni ẹ̀bi rẹ̀? Èkínní, ẹnu àwọn ará ìlú ni ó ti ń gbọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Èkejì, nígbà tí ó gbọ́, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò gba àmúga lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà níbi iṣẹ́ náà síbẹ̀. Nínú orí kẹta, ẹsẹ kẹtàlá, a rí i pé èyí gan-an ni Ọlọ́run kà sí i lọ́rùn, pé ó mọ̀, kò sì dá wọn lẹ́kun.

Ẹ̀yin alábòójútó, ìkìlọ̀ ni èyí fún wa. A kì í ṣe alábòójútó nípa jíjókòó sórí àga iwájú. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà ni o ti ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ń ṣe fún àlejò, ó ti pẹ́ kí o tó gbọ́ ọ.

II. GÉHÁSÌ: ỌMỌ IṢẸ́ KAN, Ẹ̀KỌ́ MẸ́TA

Èlíṣà ní ìránṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Géhásì. Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbà mẹ́ta tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ jọ ṣe iṣẹ́ lórí ẹni tí ó wá fún ìrànlọ́wọ́.

Ìgbà kínní. Ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù kú. Ó sáré lọ bá Èlíṣà ní òkè Kámẹ́lì, ó sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Géhásì súnmọ́ ọn láti tì í kúrò. Kí a má ṣe yára pe Géhásì ní ènìyàn burúkú níbí o. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó rò pé òun ń dáàbò bò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n rò pé iṣẹ́ àwọn ni láti máa dá ènìyàn dúró. Kí ni Èlíṣà ṣe? Ó dá a lẹ́kun lójú ẹsẹ̀. Kò bú u, kò pè é ní aláìmọ̀kan níwájú obìnrin náà. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún un pé ọkàn obìnrin náà bàjẹ́, ó sì fi kún un pé òun pàápàá kò tí ì mọ ohun tí ó fà á. Ìbáwí tí ó dára nìyẹn. Ó yá kánkán, ó kúrú, ó ní ìdí nínú, kò sì ba ọmọ iṣẹ́ jẹ́.

Ìgbà kejì. Èlíṣà fún Géhásì ní ọ̀pá, ó ní kí ó sáré lọ ṣáájú, kí ó gbé e lé ojú ọmọ náà. Géhásì ṣe bí a ti rán an, ọmọ kò jí. Ó padà wá, ó sì sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọmọ náà kò jí. Èlíṣà kò bínú sí i. Kò sọ pé, "Ìgbàgbọ́ rẹ ni kò tó." Òun fúnra rẹ̀ wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì dáhùn.

Ará, èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè wá sọ fún ọ pé, "Bàbá, ohun tí ẹ ní kí n ṣe, mo ṣe é, kò mú un o," kí ẹ̀rù má sì bà á. Bí àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn bá ń bẹ̀rù ìbínú rẹ, wọn yóò máa sọ fún ọ pé ara ti ń yá, nígbà tí ara kò yá rárá. Ẹ̀mí ènìyàn lè bá ọ̀rọ̀ báyìí lọ. Nítorí náà, kọ́ wọn ní ibi tí agbára wọn mọ. Bí ọmọdé kò bá lè mu ọmú tàbí omi mọ́, bí ó bá ń bi gbogbo ohun tí ó jẹ, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń sùn tí kò ṣe é jí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Bí aboyún bá ń ya ẹ̀jẹ̀, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kí àdúrà máa bá wọn lọ nínú ọkọ̀. Kí ó yé gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ pé kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí nítorí pé wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ.

Ìgbà kẹta. Náámánì ará Síríà rí ìwòsàn, ó fẹ́ fún Èlíṣà ní ẹ̀bùn, Èlíṣà kọ̀. Nígbà tí ó lọ tán, Géhásì sáré tẹ̀ lé e. Ó parọ́ pé àlejò méjì dé bá ọ̀gá òun, ó béèrè tálẹ́ńtì fàdákà kan àti ìpàrọ̀ aṣọ méjì. Náámánì rọ̀ ọ́ kí ó gba tálẹ́ńtì méjì. Ó kó o pamọ́ sínú ilé, ó sì wá dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Èlíṣà ti mọ̀ ná, síbẹ̀ ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ bi í, pé níbo ni ó ti ń bọ̀. Ó fún un ní àyè láti jẹ́wọ́. Géhásì tún parọ́, ìyà sì jẹ ẹ́. Níbí yìí, alábòójútó kọ́ ohun méjì. Máa béèrè kí o tó dájọ́, pàápàá jù lọ ìwọ tí Ọlọ́run kò fi hàn bí ó ti fi han Èlíṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti fi ara hàn kedere, má ṣe fi ojú fò ó bí Élì ti ṣe.

Ẹ wo ohun tí Géhásì bàjẹ́. Àjèjì ni Náámánì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé a kì í fi owó ra oore Ọlọ́run ni. Kí ó tó dé ilé, ọmọ iṣẹ́ ti tẹ̀ lé e, ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ó jẹ́ òfin ní ọ̀dọ̀ wa: ẹni tí ń gba àlejò kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ àlejò fún ara rẹ̀, kí a tó tọ́jú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ dúpẹ́, kí ó lọ fi sínú àpótí ọrẹ. Kí ènìyàn méjì jọ máa ka owó àpótí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

III. ÀWỌN OPÓ TÍ A GBÀGBÉ

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà, ìjọ ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́. Àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé a ń fojú fo àwọn opó tiwọn. Ẹ kíyèsí i pé èdè wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó rọrùn láti gbàgbé ẹni tí kò gbọ́ èdè wa.

Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́ mọ èyí. Nínú ìjọ kan náà, Yorùbá wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀, Fọ̀n wà níbẹ̀, aṣọ funfun kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni àwọn tí ń gba àlejò gbọ́, ìyá àgbà tí ó jẹ́ Ègùn yóò jókòó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn yóò máa fò ó, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀, kò kàn sí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Iṣẹ́ alábòójútó ni láti rí i pé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ó gbọ́ èdè kejì.

Kí ni àwọn Àpọ́sítélì ṣe nígbà tí wọ́n gbọ́ ìkùnsínú náà? Wọn kò sọ pé aláìmoore ni àwọn opó. Wọn kò wá ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ kiri láti fi ìyà jẹ ẹ́. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje tí a mọ̀ sí ẹni rere, tí wọ́n kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Ẹ ka orúkọ àwọn méje náà: Stéfánù, Fílípì, àti àwọn yòókù. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó jọ pé láàrín àwọn tí a fojú fò gan-an ni wọ́n ti yan àwọn tí yóò ṣe àtúnṣe. Wọ́n sì gbé ọwọ́ lé wọn lórí ní gbangba, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ẹni tí a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Alábòójútó tí ó bá ń bínú sí ẹni tí ó mú ẹ̀sùn wá ń di etí ara rẹ̀ ni. Ẹni tí ó wá kùn sí ọ létí ṣe ọ́ lóore. Àwọn púpọ̀ kì í kùn, wọn a kàn lọ ni.

IV. ÌWỌ NÌKAN KÒ LÈ ṢE É

Jẹ́tírò rí àna rẹ̀, Mósè, tí ó jókòó láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí àwọn ènìyàn dúró yí i ká. Ó sọ fún un pé ohun tí ó ń ṣe kò dára, pé òun àti àwọn ènìyàn náà ni yóò jọ rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ó fún un ni pé kí ó yan àwọn tí ó lè ṣe é, tí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́, tí wọ́n kórìíra ojúkòkòrò. Kí ó fi wọ́n ṣe olórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àádọ́ta, àti mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ kékeré, kí wọ́n yanjú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá, kí wọ́n gbé e wá.

Bí ìwọ nìkan bá ń bójú tó ogójì ènìyàn, o kò bójú tó ẹnikẹ́ni. Mẹ́wàá ni olórí tí ó kéré jù ń bójú tó nínú ètò Jẹ́tírò, nítorí ènìyàn lè mọ ilé mẹ́wàá, kí ó mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá láàrín wọn àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

V. ÀWỌN MÍÌRÀN TÍ WỌ́N ṢE IṢẸ́ YÌÍ

Lẹ́yìn àwọn ti inú Bíbélì, àwọn kan wà ní ìgbà tí ó súnmọ́ tiwa tí a lè kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1854, obìnrin ará Ìlú Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Florence Nightingale dé Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì pẹ̀lú obìnrin 38, láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́ àti àwọn tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú aláìsàn tí ó jáde ní 1859, ó sì fi orí kan nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ètò kéékèèké. Ohun tí ó fi kọ́ni níbẹ̀ ni pé ìtọ́jú rere tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀gá bá wà níbẹ̀ nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ kò tí ì tó. Ẹni tí ó wà ní ìdí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣètò kí ohun tí òun ń ṣe lójú ara òun máa di ṣíṣe nígbà tí òun kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ léèrè: ní ọjọ́ tí mo bá lọ sí òkú ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn wa?

Ẹnì kejì ni àlùfáà Áńgílíkà kan tí ń jẹ́ Chad Varah. Ní 1935, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọ, ó sin ọmọbìnrin ọdún 14 kan tí ó pa ara rẹ̀ nítorí àyípadà kan nínú ara rẹ̀ tí kò yé e, tí kò sì rí ẹni bi. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1953, nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan fún àwọn tí ayé ti sú, pé kí wọ́n pe òun lórí tẹlifóònù tàbí kí wọ́n wá. Èrò pọ̀. Àwọn kan yọ̀ǹda ara wọn láti máa jókòó ti àwọn tí ń dúró dè é, wọ́n ń fún wọn ní tíì, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Varah wá kíyèsí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí ẹnìkan bá ti fi sùúrù gbọ́ wọn, wọn kì í ní kí àwọn rí òun mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1954, ó fi iṣẹ́ gbígbọ́ náà lé àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn lọ́wọ́. Samaritans ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, iṣẹ́ wọn sì ń lọ títí di òní.

Ohun kan wà nínú àṣà wọn tí ó yẹ kí a mú lò. Bí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bá parí iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ náà, kì í kàn gbé àpò rẹ̀ lọ sílé. Yóò kọ́kọ́ bá olórí sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó gbọ́ àti bí ó ti rí lára rẹ̀, kí ó má bàa gbé ẹrù náà lọ sùn. Ẹ gbọ́ o, ẹni tí ń gbọ́ ẹkún lójoojúmọ́, ẹkún náà ń wọ̀ ọ́ lára. Bí kò bá rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí kanra mọ́ àlejò, tàbí kí ó máa sọ àṣírí wọn fún aládùúgbò.

VI. OHUN TÍ ALÁBÒÓJÚTÓ YÓÒ MÁA ṢE

1. Yan ènìyàn pẹ̀lú ìwádìí. Má ṣe fi ẹnikẹ́ni sí ẹnu ọ̀nà nítorí pé ó jẹ́ ìbátan rẹ, tàbí nítorí pé kò rí iṣẹ́ míìràn ṣe. Kí ẹni tuntun jókòó ti ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ náà fún bí oṣù kan kí a tó fi òun nìkan síbẹ̀.

2. Sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un kedere. Ohun tí yóò ṣe, ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, àti ẹni tí yóò pè bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ. Kọ ọ́ sínú ìwé. Bí kò bá mọ ìwé, kà á fún un títí yóò fi mọ̀ ọ́n sórí.

3. Pín ọjọ́ fún wọn. Lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri, kí gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ó ní Sátidé àti ẹni tí ó ní òru. Iṣẹ́ tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò ṣe é.

4. Máa rí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ì báà jẹ́ lábẹ́ igi. Bi í ní ohun mẹ́rin: Ta ni ó wá tí ọkàn rẹ kò balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Kí ni ó ṣòro fún ọ? Kí ni o fẹ́ kí n bá ọ ṣe? Báwo ni ilé rẹ? Lẹ́yìn náà, dákẹ́ kí o gbọ́. Kì í ṣe ìgbà ìwàásù.

5. Lọ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàrín àwọn àlejò nígbà míìràn, kí o mọ bí ó ti ń rí láti dúró níbẹ̀. Má ṣe rán amí sí wọn, ìfura á ba iṣẹ́ jẹ́.

6. Bá wọn wí ní ìkọ̀kọ̀, yìn wọ́n ní gbangba. Bá ìwà wí, má ṣe bú ìran rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, a sì fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Bí kò bá gbọ́, tẹ̀ lé ọ̀nà tí ó wà nínú Mátíù 18:15-17: ìwọ àti òun nìkan, lẹ́yìn náà ẹlẹ́rìí kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀ ìjọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó lu aláìsàn, tàbí ó ja àlejò lólè, tàbí ó fi ọwọ́ kan obìnrin tàbí ọmọdé lọ́nà tí kò yẹ, má ṣe dúró dìgbà tí yóò tún ṣe é. Mú un kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí a tó máa ṣe ìwádìí. Ohun tí ó bá sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin ìlú, kí a gbé e lọ bá òfin ìlú. A kò gbọdọ̀ fi sùtánà bò ó mọ́lẹ̀.

7. Pa àṣírí mọ́, kí o sì kọ́ wọn láti pa á mọ́. Ohun tí ẹnìkan sọ ní ìdí àdúrà kò gbọdọ̀ di ìtàn lẹ́bàá kànga. Ìwọ alábòójútó pàápàá, má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí o bá ń kọ́ni.

8. Kí ọkùnrin kan má ṣe dá wà pẹ̀lú obìnrin tàbí ọmọdé tí ó wá fún ìrànlọ́wọ́ nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ méjì, kí ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Èyí ń dáàbò bo àlejò, ó sì ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ náà.

9. Mọ ìyàtọ̀ láàrín ẹni tí ń gba owó oṣù àti ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ẹni tí ń gba owó oṣù, bí ọlọ́dẹ àti ẹni tí ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn, san owó rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ. Má ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, kí ó mú sùúrù. Ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kò gba owó, ṣùgbọ́n gbèsè ọpẹ́ wà lọ́rùn wa fún un. Bí ó bá gun zémìjàn wá ní òru nítorí iṣẹ́ ìjọ, kí ìjọ san owó zémìjàn náà. Jẹ́ kí ó sinmi, má sì pè é ní aláìnígbàgbọ́ nígbà tí ó bá sọ pé ó rẹ òun. Àwọn méjèèjì, òfin kan náà ni kí wọ́n tẹ̀ lé níwájú àlejò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ẹgbẹ́ rẹ, ta ni àlejò kọ́kọ́ ń rí? Ìgbà wo ni o bá ẹni náà sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn lórí iṣẹ́ rẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrín bí Élì ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí àti bí Èlíṣà ti bá Géhásì wí?
3. Àwọn wo ni a ń fojú fò ní ọ̀dọ̀ wa nítorí èdè, òṣì tàbí ọjọ́ orí?
4. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ bá ṣe àṣìṣe lórí aláìsàn lóru òní, ṣé yóò wá sọ fún ọ fúnra rẹ̀? Bí kò bá ní sọ, kí ló fà á?

ÌPARÍ

Kí olúkúlùkù alábòójútó mú ìbéèrè kẹrin yẹn dání láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Kí ó lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó jókòó tì í, kí ó bi í pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ bí iṣẹ́ ṣe ń rí lára rẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé.

Àdúrà: Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ń rí, etí tí ń gbọ́, àti ọwọ́ tí ó tó láti dáni lẹ́kun. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa má ṣe ti ẹnu ọ̀nà wa padà pẹ̀lú omijé. Àmín.